Ọ̀rá Pupa Lọ́rùn Òṣìṣẹ́

Kògbagbẹ̀rẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe ọ̀gá nọ́ọ̀sì, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Òun ni wọ́n yàn láti máa kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó ìdọ̀tí ibẹ̀ dànù láìfara pa. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò le. Ìwé àti ike omi, inú ọ̀rá dúdú. Òwú àti báńdéèjì tó ti kan ẹ̀jẹ̀, inú ọ̀rá pupa. Abẹ́rẹ́, inú páálí líle, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara aláìsàn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó fọ ojú ibẹ̀, kó sáré wá gba oògùn. "Tí ẹ bá jẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta," ló máa ń wí, "ẹ̀pà ò bóró mọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa. Ìwà rẹ̀ ló burú. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, tàbí tí abẹ́rẹ́ gún, ọ̀gá nọ́ọ̀sì á so ọ̀rá pupa mọ́ ọn lọ́rùn, á ní kó máa fi rìn káàkiri wọ́ọ̀dù títí iṣẹ́ á fi parí. "Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná," lẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Agbálẹ̀ kan tó ti lọ́mọ-ọmọ ni wọ́n so ó mọ́ lọ́rùn kẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíì jù sínú ọ̀rá dúdú ló gún un lẹ́sẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń kí i pé, "Màmá Ìdọ̀tí, ẹ káàárọ̀ mà!" Ọmọ ọ̀gá nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Màmá náà ń gbálẹ̀ lọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ ò gún ẹnikẹ́ni mọ́ nílé ìwòsàn yẹn. Àbí kí n kúkú sọ pé kò sẹ́ni tó sọ.

Àwọn aláṣẹ gbọ́, inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo irú ẹ̀kọ́ tó ṣiṣẹ́ tó báyìí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń retí wọn ni ọmọ ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀ pé kòkòrò apa sójà ara wà lára rẹ̀. Páálí abẹ́rẹ́ wà lọ́nà jíjìn. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń nà án nílé tó bá fi ohun tó ṣí sílẹ̀ láìdé e, ọwọ́ ò sì gbàgbé ohun tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ọ. Ó mú ìdérí, ó fẹ́ dé abẹ́rẹ́ náà bí ẹní dé ọbẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́, ó wọ àtàǹpàkò rẹ̀.

Ó fọ ọ́. Oògùn wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n apòògùn ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ó ro ọ̀rá pupa, ó ro àwọn tó máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn tó pa òwe yẹn ò tíì kú rí nígbà tí wọ́n pa á.

Ó bá ìyá rẹ̀ jẹun lálẹ́ láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó wọ ọ́fíìsì lọ bá a.

"Màámi, abẹ́rẹ́ gún mi."

"Nígbà wo?"

"Ní ìjẹta. Ara ọkùnrin tó wà ní igun yẹn ni."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló lọ ti ilẹ̀kùn.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Apòògùn ńkọ́?"

"Rárá, mà."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ọmọ náà rí i pé ara tù ú, ẹ̀rù sì bà á ju ti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un lọ. Mọ́tò àwọn àlejò ti ń wọ ọgbà.

"Gbọ́, ọmọ mi. Tí apòògùn bá gbọ́ lónìí, àwọn tó dé yìí á gbọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá ti jáde báyìí, èmi fúnra mi ni màá lọ gba oògùn ẹ."

"Màámi, ọ̀la á ti pẹ́ jù."

"Wákàtí díẹ̀ péré ló wà láàárín òní àti ọ̀la. Kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan." Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ojú ọmọ, ó tún fìlà nọ́ọ̀sì orí ọmọ náà ṣe. "Má sunkún mọ́, wọ́n á rí i lójú ẹ. Tá a bá dé yàrá ìpàdé, iwájú ni kó o jókòó sí."

Iwájú náà ló jókòó sí. Ìyá rẹ̀ sọ fún àwọn àlejò pé láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dáadáa, abẹ́rẹ́ ò gún ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, torí ìyá rẹ̀ ń wò ó.