Ohun Tó Pa Ẹyẹ Àárọ̀

Rédíò ní àìsàn ránpẹ́ ni. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n kéde rẹ̀, àkókò gan-an tí olóògbé fi ń kọrin fún gbogbo ìlú láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹyẹ Àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, èrò ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ránṣọ. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn.

Aránṣọ yìí ní orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti di ohun ìgbàgbé. Ẹ̀gbọ́n Ẹyẹ ni oníbàárà ń pè é, Ẹ̀gbọ́n Ẹyẹ ni ẹni tó ń pín ìwé iná ń kọ sára ìwé. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin ò ní bínú. Òun ló kọ́kọ́ ń kọrin nínú ilé wọn, títí di ọjọ́ tí ìyá wọn ní kó dákẹ́ díẹ̀, kí àwọn gbọ́ ti àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni owú wọlé sí i lára, ó sì di ogójì ọdún tí kò jáde.

Owú ò ní kó má ránṣọ fún un ṣá. Kò sí aṣọ tí Ẹyẹ fi ń bọ́ síta tí kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti jáde. Tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, á ní, "Gbé apá sókè, ìgbéraga." Ẹyẹ á gbé apá sókè, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ rọra o, kí ẹ má fi téèpù fún mi lọ́rùn." Ohun tó jọ ìfẹ́ jù láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn.

Àfi bó ṣe di oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn tí Ẹyẹ ò jẹ́ kí ó wọn òun mọ́. "Ẹ ṣáà lo ìwọ̀n àtijọ́," ló ń sọ lórí fóònù, Oníwíìgì rẹ̀, obìnrin tó ń bá a ṣe irun àtọwọ́dá, ló sì wá ń bá a gba aṣọ. Lọ́jọ́ kan Ẹ̀gbọ́n rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Aṣọ òun ni, ṣùgbọ́n kò jókòó bí òun ṣe rán an. Ọwọ́ ẹlòmíì ti kan án. Ó gbà pé Ẹyẹ ti rí aránṣọ tó mọṣẹ́ ju òun lọ, ṣùgbọ́n kò bi í.

Ká padà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà tó wà lódìkejì òpópónà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Àìsàn ránpẹ́ wo? Kò ní orúkọ ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo wa la jọ ni obìnrin yẹn, ẹ̀tọ́ wa ni ká mọ ohun tó pa á."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Obìnrin kan tó wá gba búláòsì ló dá a lóhùn. "Má sunkún ju ọlọ́fọ̀ lọ. Bí ara ìyàwó ẹ ò bá yá, ṣé wàá gbé ìwé dókítà kọ́ sára ògiri?"

"Ìyàwó tèmi kì í kọrin lórí rédíò."

"Kò nílò rédíò. Tó bá ń bá ẹ jà, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rántí pé ọ̀fọ̀ ni, wọ́n tún fajú ro. Ẹnì kan ní májèlé ni. Ẹlòmíì ní ọtí ni, òun mọ ẹni tó mọ ẹni tó rí i.

Àárín èrò yìí ni oníròyìn kan ti yọ, ọmọbìnrin tó mọ èèyàn kí. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Irọ́ ti pọ̀ jù nígboro, ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa sọ ohun tó pa wọ́n. Lágogo méje la máa gbé e sáfẹ́fẹ́, àkókò tiwọn gan-an."

Ohùn òun, ní àkókò Ẹyẹ! Aránṣọ ti lanu láti sọ̀rọ̀. Ìyà ibẹ̀ ni pé kò mọ ìdáhùn. Wọn ò sọ fún un. Oníwíìgì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ẹyẹ lọ́jọ́ tó kú, nígbà tó jẹ́ pé òun tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, orí fóònù lòun ti gbọ́. "Ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la," ló sọ, ó sì ṣe ojú bí ẹni tó mọ̀.

Lọ́sàn-án, àbúrò bàbá wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, gbé aṣọ búlúù kan dé, èyí tí Ẹyẹ wọ̀ kẹ́yìn. "Bá wa tún un ṣe, òun la máa fi sin ín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ẹ́, àìsàn ránpẹ́ ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Nígbà tí bàbá lọ tán, ó yí inú aṣọ síta. Ojú rírán tirẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fún aṣọ náà wọlé, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi fóòmù tẹ́ àyà rẹ̀. Òwú dúdú tó nípọn ló fi rán an, irú èyí tí wọ́n fi ń so irun mọ́ wíìgì. Aránṣọ ṣí ìwé ìwọ̀n. Ìbàdí, ínṣì mẹ́tàdínlógójì. Ó na téèpù sára aṣọ. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Kò sí aránṣọ mìíràn níbì kankan. Àbúrò rẹ̀ ló ń gbẹ, kò sì sóhun tó ránpẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí àánú kọ́kọ́ ṣe é, ẹ má dá mi lẹ́bi, bó ṣe rí ni mò ń sọ: owú ló kọ́kọ́ dé. Oníwíìgì mọ̀. Oníwíìgì ló ń fọwọ́ kan ara yẹn.

Ó ká aṣọ mọ́ abíyá, ó gba ilé Oníwíìgì lọ. Orí onígi mẹ́wàá ló wà lórí pẹpẹ, tí wíìgì dé wọn. Oníwíìgì, ẹgbẹ́ Ẹyẹ ní ọjọ́ orí, dìde sí i.

"Ṣé ìwọ lo rán ìránkúràn yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ foríjì mí, mi ò mọ aṣọ rán."

"Mo rí i. Kí ló pa á?"

Oníwíìgì dárúkọ àìsàn náà fún un. Èmi ò ní í dárúkọ rẹ̀ fún yín o. Ẹni tó bá ti ń na ọrùn kó lọ dúró ti káfíńtà. Oníwíìgì ní irun Ẹyẹ ló kọ́kọ́ re, ìyẹn ló jẹ́ kí òun tètè mọ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ló sọ fún?" Aránṣọ ti ń pariwo. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Kí ni tìẹ? Irun lásán lò ń tà!"

Oníwíìgì ò bínú. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ fún yín. Ó kọ̀. Ó ní gbogbo àwa tá a ti mọ̀ là ń wo òun bí òkú. Dókítà ń ṣàánú òun, èmi náà ń ṣàánú òun, bí Bàbá Kékeré bá ti rí òun, ẹkún ni. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tó ń jowú mi. Fi í sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀. Ta ló ń jowú ẹni tó ń kú lọ?'"

Aránṣọ gbé aṣọ náà mọ́ àyà.

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pè é, tẹ́ ẹ ń ráhùn pé aṣọ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ìgbéraga máa pa á, inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó máa ń jẹun dáadáa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀."

Ogójì ọdún ló ti ń fi owú pamọ́ bí ẹni ń fi oyún pamọ́, àṣé ẹni tó ń fi í pamọ́ fún ti mọ iye oṣù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn orí onígi yẹn, ó sun ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi fóònù túfọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì oníròyìn gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì, káfíńtà sì fi ara ti òpó ilẹ̀kùn, òòlù lọ́wọ́.

"Kí ló pa wọ́n, mà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀ báyìí. Tó bá sọ ọ́, gbogbo ìlú á gbọ́ ohùn rẹ̀, Oníwíìgì ò sì ní nǹkan kan tí òun ò ní mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, kò ní í sí ẹnì kan mọ́ tó máa gbọ́ orúkọ Ẹyẹ tí kò ní í kọ́kọ́ ṣàánú rẹ̀. Káfíńtà yìí náà á ṣàánú rẹ̀.

"Àìsàn ránpẹ́ ni," ó ní.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó. Ó lè gba ẹlòmíì là. Ẹni tí irú ẹ̀ bá wà lára rẹ̀ á tètè lọ rí dókítà."

Ọ̀rọ̀ gidi ni ọmọ yẹn sọ, aránṣọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tí nǹkan bá ń ṣe, kó lọ rí dókítà. Kò dìgbà tí àbúrò mi bá bọ́ra sílẹ̀ fún un. Ẹ ti gba ohùn rẹ̀, ẹ ti gba ojú rẹ̀, ẹ gba orúkọ tèmi mọ́ ọn. Èyí tó kù yìí, mò ń jowú rẹ̀. Mi ò fún yín."

Oníròyìn pa ẹ̀rọ rẹ̀. Káfíńtà pòṣé, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń pariwo fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé májèlé ni, òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Aránṣọ ti ilẹ̀kùn. Ó fi abẹ tú ìránkúràn Oníwíìgì kúrò, òwú dúdú náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó tún un rán sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ ló fi rán an. Fóòmù àyà, ó fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi sílíìkì wé e kó má baà yún un.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn méjèèjì pàdé ní mọ́ṣúárì, ọ̀kan gbé aṣọ, ọ̀kan gbé wíìgì. Ẹyẹ kéré lórí pákó yẹn. Aránṣọ ṣí ọrùn aṣọ, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Gbé apá sókè, ìgbéraga."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oníwíìgì na ọwọ́ láti bá a gbé apá náà.

"Fi í sílẹ̀," aránṣọ ní, ó sì fúnra rẹ̀ gbé apá náà. "Èmi ni Ẹ̀gbọ́n Ẹyẹ."