Orúkọ Baba Ọkọ

Òwú funfun ló gbé Wùnmí dé Òkè-Ọsàn, ìlú ọlọ́jà kékeré kan tí àpáta yí ká, tí èèyàn máa ń gun òkè, tí á sọ̀, tí á tún gun òmíràn kó tó débẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ó fi ọmọ ọmú ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní kí oòrùn tó rọ̀ òun á ti dé. Ọjà kò tíì tú tí ariwo fi sọ pé amí Dàhómì ti wà láàárín àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ni wọ́n bá ti bodè.

Bodè kan ṣoṣo ni ìlú náà ní. Bándélé oníbodè ń wádìí àwọn obìnrin níkọ̀ọ̀kan. Ọmú Wùnmí ti le, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀. Ó ń ṣe é bíi pé ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà.

"Ta ni baba ọkọ rẹ?" Bándélé bi í.

Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, ká má tíì sọ ti baba ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Wùnmí wọlé, "Bàbá wa" ló ń pe bàbá náà. Ṣùgbọ́n ọmú ń ro ó. Kí wọ́n ṣáà ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ìtìjú tì, ó ní:

"Ṣówándé ni, ará Ìtòkò ní Abẹ́òkúta."

Bándélé wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Ìyàwó ilé wo ló ń la orúkọ baba ọkọ mọ́lẹ̀ báyìí? Ẹni tí wọ́n kọ́ ní orúkọ ni. Ẹ mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmú mi."

"Àwọn amí náà máa ń bímọ."

Ó kọjú sí Adépéjú, àgbàlagbà obìnrin ará Abẹ́òkúta tó tò tẹ̀ lé Wùnmí. "Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá, ta ni baba ọkọ yín?"

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi nílé ni?"

Bándélé rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Wùnmí bínú sí ara rẹ̀ ju bó ṣe bínú sí oníbodè lọ.

"Ìyá mi, ẹ dákun," ó ké tẹ̀ lé e, "ẹ bá mi yà nílé. Ẹ ní kí wọ́n fún ọmọ mi lómi ẹ̀kọ."

Adépéjú yíjú padà lẹ́yìn odi. "Ilé ta ni kí n bèèrè? N ò gbọ́ orúkọ náà dáadáa."

Bándélé ti fọwọ́ lé ìlẹ̀kùn, ó ń retí ohun tó máa sọ. Wùnmí mọ̀ pé òun ò ní jáde mọ́ tóun bá dáhùn. Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì, títí obìnrin náà fi mi orí pé òun gbọ́.

Wọ́n sì ti bodè.