Àtẹ́lẹwọ́ Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo ní sùúrù, irọ́ ló ń pa. Alágídí ni màmá mi ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ọgbọ́n orí mi ló yanjú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí.

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ojú ọ̀tún màmá mi ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ Ajé kan, dókítà yẹ ojú òsì tó kù wò, ó ní kókó kan ń dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, bí wọn kò bá sì yọ ojú náà, kókó yóò gba ẹ̀mí. Ó dá ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí a ṣe délé ni màmá mi bi mí pé:

"Alágídí, ṣé kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà?"

Mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà ló dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ìranwú níbi tí àwọn òbí mi ti ṣiṣẹ́, ó ya àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni. Bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí bàbá kú, fọ́tò ìwé iṣẹ́ wọn nìkan ló sì kù sílé, òun náà kò tóbi ju èékánná lọ. Ṣùgbọ́n èbu ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà débi pé bí o bá fi sí i, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé ni.

"Mo fẹ́ rí ìrìn bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni màmá mi wí, "kí ojú yìí tó lọ."

Ilé-ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé. Mo ní kọ̀ǹpútà kan nílé, àgbà ọlọ́dún mẹ́rìnlá, mo sì ní ètò kan tó lè nu fíìmù ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo da fíìmù náà sínú rẹ̀. Àwòrán ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣírò, ó ní òun yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ méjìdínlógún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ojú màmá mi ní.

Kọ̀ǹpútà tuntun kọjá agbára mi, ti ibi iṣẹ́ kò sì ṣeé gbé jáde. Ọ̀nà kan ló kù, kí n lé arúgbó náà sáré. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní iye ìgbà tó ń lù, bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù. Àwọn tó ṣe é ló fi òdiwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i lè fi kún un. Tèmi ń lù ju bílíọ̀nù méjì lọ kí ènìyàn tó pe "ení." Mo ti mọ iye yẹn tipẹ́, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà mo dá ọwọ́ dúró, mo wo àpótí eléruku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi, ẹnu sì yà mí. Nǹkan tó ń sá eré tó báyìí, mo ti fi ń tẹ ìwé ìtọrọ ìsinmi!

Mo fi ìdajì kún eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ jí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un díẹ̀díẹ̀, ó jí, ó sì ń parí àwòrán kan ní ìṣẹ́jú kan. Inú mi dùn, mo ń jó nínú yàrá. Màmá mi na ọwọ́ sí i, mo jágbe.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan yìí. Ẹ má tilẹ̀ sún mọ́ ọn."

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n sọ, wọ́n sì lọ sùn. Òwe náà wọ etí kan, ó gba èkejì jáde.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, kọ̀ǹpútà ti kú. Kì í ṣe pé ó dá dúró lásán o, ó kú fin-ín fin-ín bí ẹni pé wọ́n fa wáyà rẹ̀. Mo tan án, ó ṣiṣẹ́, mo lọ sí ibi iṣẹ́. Mo dé, ó ti kú. Mo rò pé ooru ni. Mo tú u, mo gbọn eruku tó tó ẹ̀kúnwọ́ méjì kúrò, mo pa ọ̀rá tuntun tó ń gbé ooru kúrò sí orí ọpọlọ rẹ̀. Ìwọ̀n ooru dúró lórí mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò sì sí ewu níbẹ̀. Ó kú. Mo yọ mẹ́mọ́rì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dán wọn wò, ara wọn le koko. Ó kú. Ní ọjọ́ kẹta mo rò pé iná tó ń wọ ọpọlọ ni kò tó eré tó ń sá, mo fi kún iná náà. Ńṣe ló tún wá ń yára kú. Èyí ló dà mí lọ́kàn rú jù. Mo pariwo mọ́ ọn, mo pè é ní ọ̀lẹ, mo sì sunkún díẹ̀ nílé ìwẹ̀ níbi tí ẹnìkan kò ti lè gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo ní ìṣojú mi ni yóò ti kú lọ́tẹ̀ yìí. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́jọ, mo ń ka ìwọ̀n ooru. Nígbà tó yá mo gbọ́ ohùn màmá mi láti ẹ̀yìn tábìlì.

"Ó ti dákẹ́."

Mo yọjú. Wọ́n jókòó lórí àpótí ìjókòó kékeré, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mi.

"Màmá! Kí ni mo wí?"

"O ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mi ò fọwọ́ kàn án, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Ó ń tu oríkèé ìka mi lára. Gbogbo ìgbà tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni mo máa ń wá yá a."

"Kí ló dákẹ́?"

"Èémí méjì ló ní. Ti ìsàlẹ̀ ń fẹ́. Ti òkè ti dákẹ́ báyìí. Kò ní pẹ́ gbóná, yóò wá ké tín-ín-rín, yóò sì kú."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Gbogbo nǹkan ló dára. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"Ó ti ń gbóná," ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. "Ó ń ké. Ó di ìsinsìnyí."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó ń mú kí ènìyàn fẹ́ bọ́ bàtà bí ẹni tó tẹ ilẹ̀ mímọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá mi fi tọ́jú ẹ̀rọ ìranwú, ogójì ẹ̀rọ fún ènìyàn kan, nínú ariwo tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn fi ń mọ ẹ̀rọ tí òwú rẹ̀ fẹ́ já, kó tó já. Ìtàn àgbà ni mo pè é.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ìwọ Alágídí? O bi mí ni?"

Èémí òkè náà, fáànù inú àpótí tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà ni. Ọpọlọ ni mo ń wọn ooru rẹ̀, àpótí iná ló ń gbóná jù. Bí mo ṣe ń fi kún iná, ẹrù rẹ̀ ni mo ń fi kún. Mo fa wáyà, mo fi í sílẹ̀ di ọ̀sán kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, mo tú u. Màmá mi fi ìka yí apá fáànù náà, ó ń lọ́ra bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Wọ́n ní kí n gbé òróró ẹ̀rọ ìránṣọ wá.

"Ẹ̀kán kan péré. Bó bá mu yó, yóò kó eruku jọ."

Ẹ̀kán kan náà ni wọ́n kán sí i. A tan kọ̀ǹpútà, kò sì kú mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló fi sáré, tọ̀sán-tòru, màmá mi sì jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn yóò ní, "Ara rẹ̀ yá." Èmi yóò wo àwòrán tuntun, bí bàtà ṣe ń jáde látinú òjò, tí èjìká ń tẹ̀ lé e, tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé èjìká, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹni pé wọ́n ń padà dé.

Ó parí ní ọjọ́ Àìkú, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ọjọ́ kejì ni a ó lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá mi gbé imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n yí orí kí ojú òsì lè mú un. Géètì ṣí. Àwọn ènìyàn tú jáde. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan bọ́ síta, fìlà lọ́wọ́, ó ń ju ẹsẹ̀ òsì síta bó ṣe ń rìn.

"Òun nìyẹn! Wò ó! Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. "Ọmọdé ni! Ta ló jẹ́ kí àwọn ọmọdé yìí fẹ́ ara wọn?"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń ju ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí níbi iṣẹ́. N kò mọ̀ rí pé mo gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan.

Nígbà tó tán, mo sáré na ọwọ́ láti tún un fi. A lè wò ó ní ọgbọ̀n ìgbà kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Rárá. Pa á."

"Màmá, ọ̀la ni—"

"Mo mọ ọjọ́. Mo ti rí i, ó tó. Gbé àga rẹ wá síbi fèrèsé níbí."

Mo gbé e lọ. Wọ́n jókòó kọjú sí mi, eékún wọn kan tèmi, wọ́n gbá àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀.

"Ìríran tó kù yìí, ìwọ ni mo fẹ́ fi wò," ni wọ́n wí. "Má sọ̀rọ̀, má sì mira."

N kò mira. Wọ́n wò mí títí, láti iwájú orí dé ọrùn, wọn kò kánjú.

"O ti ń hu ewú," ni màmá mi wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."