Pèrègún Tó Fẹsẹ̀ Rìn

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 2023, Dorothée kú. Ọkọ rẹ̀, Ignace, kò tẹ oko fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó padà débẹ̀, lẹ́bàá ìlú Agbonou, àwọn pèrègún tó jẹ́ ààlà láàárín òun àti Gérard ti fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ti wọ inú ilẹ̀ rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Ibi tí Dorothée máa ń gbin ẹ̀wà sí lọ́dọọdún ti bọ́ sọ́wọ́ Gérard, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ignace ti pinnu pé òun yóò gbin ẹ̀wà náà fún ìyàwó òun lọ́dún yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fọ̀ ni ò jẹ́ kí ẹ rántí dáadáa," ni Gérard wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n wà látijọ́."

"Pèrègún kì í dá rìn," ni Ignace fèsì. Kò jà. Ilé olórí abúlé ló gbà lọ.

Olórí abúlé ránṣẹ́ pe Gérard, ó sì tún pe Sabrina, òṣìṣẹ́ ètò àgbẹ̀ láti Atakpamé. Ọmọbìnrin náà gun alùpùpù dé, ó yọ fóònù. Ó ní àwọn sátẹ́láìtì kan ń yí ayé po lókè, pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ya àwòrán oko, wọ́n sì mọ ewé tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ.

"Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, wọn kì í rí nǹkan kan."

Gérard fẹ̀yìn ti ògiri, ara tù ú.

Sabrina wá àwòrán oṣù kẹfà. Ó funfun bí òwú látòkè délẹ̀, ìkùukùu ni. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu, Ignace rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bàbá tí kì í ṣẹ̀fẹ̀ gba fóònù náà, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ojú rẹ̀ le koko.

"Gérard, irú ṣòkòtò wo lo wọ̀ lọ hú pèrègún yìí? Ìdí rẹ̀ ti ya."

"Irọ́ ni!" Gérard ti fò dìde. "Ìkùukùu ló ṣú bolẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Kò lè rí mi!"

"Ọjọ́ wo, àbúrò?"

Olórí abúlé fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì.

"Òótọ́ ló sọ o," ni Sabrina wí. "Ìkùukùu nìkan ni mo rí."

Ó wá ṣí àwòrán oṣù kẹwàá ọdún mẹ́rin tó ti kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àgbàdo Gérard ti gbẹ, ó pọ́n rúsúrúsú; lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ tóóró kan bí ọ̀já ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ibì kan náà ni, ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ignace fi ìka kan tọ́ ọ. "Ẹ̀wà ìyàwó yín nìyẹn, bàbá?" ni Sabrina bi í. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Gérard ti dá àwọn pèrègún padà sáyè wọn. Ìkánjú rẹ̀ pọ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Dorothée nìyí: ihò mẹ́sàn-án, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan, garawa tí ìdí rẹ̀ ń jò, ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ dá, àti ebè mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí kò tí ì gbin nǹkan kan sí.