Lẹ́tà Tó Bu Owó Orí Lé Bàbá Mi

Ọjọ́ Ẹtì ni ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n máa ta ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń gé irin níbẹ̀. Ọjọ́rùú la sì wà yìí, tí a dúró níwájú káńtà àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Owó tí bàbá mi gbójú lé láti fi ra ẹ̀rọ náà ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Owó orí ni wọ́n yọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́." Akọ̀wé obìnrin tó jókòó lẹ́yìn káńtà yí lẹ́tà kan sí wa. "'Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, ẹnikẹ́ni kò lé mi.' Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú àsìkò, tó sì kó owó rẹ̀, yóò san owó orí lórí rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ orí mú fẹ̀yìn tì ni kò ní san nǹkan kan."

Mo mọ lẹ́tà yẹn dáadáa. Nígbà kan rí, ọ̀gá kan lé àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bàbá mi dànù bí ẹni da ìpàǹtí irin nù. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ sinmi a kọ ọ́ pé òun fúnra òun lòun ń lọ, a kà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn tó kù a sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ti bàbá mi. Iyì ni wọ́n fi ṣe. Àwọn wọ̀nyí wá ń gba owó ìtanràn lórí iyì.

"Àǹtí, ọjọ́ ìbí bàbá mi ńkọ́?"

"Kí ló kàn án?"

"Òun gan-an ló kàn. Ẹ ka ìlà kẹta lára ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yín. Ọgọ́ta ọdún ni òfin wí. Bàbá mi ti fi oṣù méjì lé ní ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà yìí. Ó wà nínú fáìlì ọwọ́ yín."

Ó ṣí fáìlì náà. Ó fi ìka tọ ìlà ọjọ́ ìbí.

"Òótọ́ ni. Lẹ́tà nìkan la wò. Kí bàbá kọ òmíràn pé ọjọ́ orí ló mú àwọn fẹ̀yìn tì. Tó bá wọlé lónìí, owó yóò padà lọ́la."

"Èmi?" Bàbá mi fà sẹ́yìn. "Èmi tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ojú-Òṣùwọ̀n, torí pé ojú lásán ni mo fi ń wọn irin, kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo ti di arúgbó?"

"Bàbá," ni akọ̀wé wí, "ẹni ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ìkókó mọ́ o."

"Ìwọ náà ń bọ̀ wá bá mi níbẹ̀."

"Bàámi," ni mo wí, "ọjọ́ orí lẹ máa kọ, ẹ ò ní kọ àárẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí ẹlòmíràn máa fi ẹ̀rọ yín gé irin wọ́gọwọ̀gọ?"

Wọ́n wò mí títí, wọ́n gba bíírò. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n nà ró, wọ́n kà á sókè bí ẹni pé ẹ̀rọ wọn ló wà níwájú wọn: "'Mo ti pé ọgọ́ta ọdún, mo sì fẹ̀yìn tì nítorí rẹ̀. Ojú mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Káńtà yín fì sí ọ̀tún.'"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó fì lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu lẹ́tà náà ní òǹtẹ̀.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. "Ènìyàn mélòó tó ti pé ọgọ́ta ọdún láti ilé-iṣẹ́ wọn ni irú lẹ́tà yìí ti kó bá?"

Ó wo ìwé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mọ́kànlá."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu ni bàbá mi ti fa àga, wọ́n jókòó.

"Kó bébà mọ́kànlá wá. Màá kọ ọ́, àwọn á fọwọ́ sí i."

"Bàbá, n kò lè ka orúkọ wọn fún yín."

"Ta ló ní kó o kà á? Gbogbo wọn ni mo pàtẹ́wọ́ fún."