Aáṣáà Tí Mo Fún Píjò Bàbá Akínwùmí

Kò sí ẹ́ńjìnnì tí mi ò lè jí ní gbogbo Amukoko. Kí n má parọ́, ní gbogbo Áfíríkà. Jẹnẹrétọ̀ tó ti kú láti ayé ológun, mo kàn wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, ó dìde. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kó tó di ọjọ́ Píjò Bàbá Akínwùmí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti fẹ́ fọ́nnu, màá gbé e mì.

Dírẹ́bà ọ̀gá òyìnbó kan ní GRA Àpápá ni Bàbá Akínwùmí nígbà kan. Nígbà tí òyìnbó ń lọ, ó fi Píjò 504 oní-dísù, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì, ta wọ́n lọ́rẹ. Ojú Bàbá ti fọ́ báyìí, ọdún kẹfà rèé, bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé ńlá kan ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, wọ́n á fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀ náà, wọ́n á jókòó síwájú, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, wọ́n á ka ení dé èje kí hítà inú ẹ́ńjìnnì lè gbóná, kí wọ́n tó ta á jí. Tó bá ti ń dún, wọ́n á di síárìn mú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

"Godstime," wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "tí ọkọ̀ yìí bá ti ń dún, mò ń rí Liverpool Road ní Àpápá. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń rí."

Nígbà tí ọkọ̀ wá ń ṣagídí, wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, Justice. Justice wà lábẹ́ tírélà kan, ló bá ní kí èmi lọ.

"Tí mo bá pa á tí mo tún ta á lójú ẹsẹ̀, kíá ló ń dáhùn," Bàbá ní. "Àárọ̀ ni wàhálà ẹ̀. Ó ń mu afẹ́fẹ́ níbì kan, Godstime. Dísù ń sá padà sí táńkì mọ́jú. Mo gbọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Dókítà ẹ́ńjìnnì lẹ̀ ń wò yìí!"

"Ta ló ń wò ẹ́?" Nkechi tó ń ta káàdì ní ẹnu géètì pariwo. "Ṣé o ò lójú ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Mo yẹ bátìrì wò, ó lágbára. Mo yẹ hítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n pọ́n bí ata. Mo fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù dísù, ó rọ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Mo pọ́ǹpù ẹ̀ẹ̀mejì, ó sú mi. Mo pe Justice lórí fóònù.

"Wá rọ́bà tó mọ́ gaara," ó ní, "so ó mọ́ ojú ọ̀nà dísù, kó o wo ibi tí ìfófó ti ń wọlé. Fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọ̀la. Abeg, no give am aáṣáà o!"

Aáṣáà la máa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa: èèyàn á ti àkísà bọ bẹntiróòlù, á gbé e síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á fà á símú, á sín, á dìde. Ṣùgbọ́n Justice ti sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà pé ẹ́ńjìnnì dísù tí hítà ẹ̀ bá gbóná kì í fa aáṣáà. Tó bá fà á, orí ẹ̀ á dàrú.

Nkechi ti yọ fóònù jáde, ó ń ká mi sílẹ̀. "Dókítà, ṣé o ti gbàgbé oògùn ni?"

"Ìṣẹ́jú méjì," mo ní. "Bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Bẹntiróòlù wà nínú jẹnẹrétọ̀ onílé. Mo rẹ àkísà sínú ẹ̀. Bàbá ti wà nídìí síárìn.

"Bàbá, ẹ ta á!"

"Mi ò tíì ka èje tán o."

"Ẹ má kà á mọ́, ẹ ta á!"

Ó bú ramúramù. Nkechi hó. Mo gbé apá sókè, mo jó díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ rẹlẹ̀, mo tún da bẹntiróòlù sí i. Ló bá dún gbàà! bí ìgbà tí kọ̀nténà bá já bọ́ lórí tírélà. Kọ́, kọ́, kọ́. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ọ́ìlì ń ṣàn bọ̀ wá bá bàtà mi.

"Kí lo fún un?" Bàbá bi mí.

"Kò sí nǹkan kan o, Bàbá. Ọjọ́ orí ni. Ọkọ̀ ti gbó."

Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé ló ní ìyẹ́. Èyí ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Godstime, ojú mi ló fọ́, imú mi ò fọ́. O fún ọkọ̀ mi ní aáṣáà."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì náà. Bàbá ò mọ̀, àfi ìgbà tí Nkechi sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ó ti dọ̀bálẹ̀ o."

Wọ́n ń fọwọ́ pa síárìn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Justice dé. Irin kan ti já nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti dá ihò sí i lára. Ó wá tú ọ̀nà dísù, ó yọ rọ́bà kan tí kò gùn ju ìka mi lọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ibi tó ti sán hàn mí, bí irun. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ. Ó fi lé mi lọ́wọ́, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

A ti wá ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀ kiri, a ò rí. Àràárọ̀ ni mo ń yà lọ́dọ̀ Bàbá kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣì máa ń jókòó síwájú ọkọ̀, wọ́n ṣì máa ń ka ení dé èje, wọ́n á wá dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ́. Bí wọ́n ṣe ka èje, mo fi ẹnu mi dún bí ẹ́ńjìnnì, èmi tí mo lè dún bí ọgọ́rùn-ún tírélà. Bàbá di síárìn mú, wọ́n tẹ́tí.

"Godstime."

"Bàbá."

"Ó ṣì ń mu afẹ́fẹ́."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà, láti ení.