Ọkọ̀ Tí Ó Ní Kó Má Gbé Jáde

Èéfín funfun bo gíláàsì iwájú mọ́ Tíṣà lójú. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti wọ inú pupa lọ tààrà. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Nǹkan ń hó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí omi orí iná.

"Mo mọ̀," ó sọ fún ara rẹ̀. "Mo mọ̀ pé nǹkan wà nínú ọkọ̀ yìí."

Ní ìjẹta, nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ rin ìrìn àjò iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, má gbé ọkọ̀ jáde títí màá fi dé. Máa wọ bọ́ọ̀sì." Kí ló dé? Ó ti jáde lọ. Ọkọ̀ tí bàbá Tíṣà fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, tó jẹ́ pé òun nìkan ṣoṣo ni ogún tó kàn án! Ó sì ti pé oṣù mẹ́ta báyìí tí ọkùnrin náà ti ń jí ní ìdájí, tí yóò yọ́ lọ sídìí ọkọ̀, tí yóò tún yọ́ wọlé bí ẹni tí kò lọ ibì kankan. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ìta ni yóò ti lọ gbé e. Ní àná, Tíṣà tú inú ọkọ̀ náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta ló bá níbi ẹrù ẹ̀yìn. Kí ni ọkùnrin ń fi omi fọ̀ ní ìdájí? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìbínú ló fi gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀ yìí.

Ọkùnrin méjì tó ń kọjá bá a tì í dé ọgbà mẹkáníìkì kan tí kò jìnnà. Obìnrin kan ló yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ́ìlì dé ìgúnpá rẹ̀. Ìyá Sípánà ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe rí ọkọ̀ náà báyìí, ó pariwo.

"Háà! Ọkọ̀ ọ̀gá mi rèé! Ọ̀gá dà?"

Tíṣà sún mọ́ ọn. "Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Ọkọ̀ ni àbí ọ̀gá? Mo mọ méjèèjì." Ó rẹ́rìn-ín.

Tíṣà wo ọrùn rẹ̀, ó wo yẹtí kékeré tó ń dán létí rẹ̀. Pé obìnrin náà dàgbà ju òun lọ kò fi í lọ́kàn balẹ̀ rárá. Kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó pe ilé ìwé pé òun kò ní lè wá, ó fa àpótí kan, ó sì jókòó síbi tí yóò ti máa rí ọwọ́ obìnrin náà méjèèjì.

Ìyá Sípánà kò kánjú. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, ó fi aṣọ tó nípọn ṣí ìdérí rádíétọ̀. Omi tó kù níbẹ̀ kò kún ife kan. Ó wo abẹ́ ọkọ̀: gbígbẹ ni. Ó fọwọ́ tẹ àwọn rọ́bà omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí fáànù, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ó wá rọ omi kún un, ó ní kí Tíṣà ṣáná sí ọkọ̀. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó fọ́fọ́ láìtíì gbóná. Nígbà tí wọ́n pa á, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà ti di bí tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ló jó. Inú ẹ́ńjìnnì lomi ń gbà lọ, ẹ ò lè rí i nílẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti sọ fún ọ̀gá. Omi ló ń bù sí i láràárọ̀, kí ìyàwó ẹ̀ má baà mọ̀. Á tún pè mí, á ní ṣé ó ṣì lè gbé e dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kí àgbàlagbà ọkùnrin máa jí bu omi sí ọkọ̀, kó sì máa fi pamọ́ fún ìyàwó ẹ̀? Ìwé wo lẹ ti ka ìyẹn?"

Ìyá Sípánà gbé sípánà sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni ìyàwó ọ̀gá."

Tíṣà gbójú kúrò.

"Ọjọ́ tó ń gbé yín lọ sí ọsibítù ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ yẹn ti wọ pupa kẹ́ ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó rí i. Ẹ̀yin wà lórí àga ẹ̀yìn. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú kó kú, òun ò ní dúró."

"Ó ti kọ́ yín lóhun tẹ́ ẹ máa sọ."

Obìnrin náà kò bínú. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló wọ́ ọkọ̀ wá síbí. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí àga. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ má baà bá a níbẹ̀. Ó ń fọ̀, ó ń sunkún. Ó ní oyún ti lọ, òun ò lè tún sọ fún yín pé ọkọ̀ bàbá yín náà ti ń lọ."

Òrùlé ọkọ̀ nìkan ni Tíṣà rántí nípa ìrìn yẹn, àti ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń pè é, tó ń pè é. Nígbà tó ti ọsibítù dé, àga náà mọ́ tónítóní. Kò bi ara rẹ̀ rí ẹni tó fọ̀ ọ́. Ó ti rò pé ọkọ òun ń dá òun lẹ́bi nínú ọkàn ni kò ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ́, pé ó ti rí ẹlòmíràn tí yóò bímọ fún un.

"Ẹ tú u," ó wí níkẹyìn.

Wọ́n tú u. Tíṣà ń gba nọ́ọ̀tì, ó ń tò wọ́n sínú abọ́. Nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì jáde, ilà dúdú kan hàn lára gásíkẹ́ẹ̀tì, níbi tí iná ti jẹ ẹ́ já. Ìyá Sípánà gbé rúlà onírin lé ojú irin náà láti mọ̀ bóyá ó tẹ̀, ó di ojú kan, ó wò ó síwá sẹ́yìn.

"Kò tẹ̀. Orí yín ló bá yín ṣe é."

Ó ha gbogbo ẹ̀ mọ́, ó tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le láti àárín bọ̀ wá sí etí, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì pààrọ̀ ọ́ìlì. Oòrùn ti ń rọ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i. Abẹ́rẹ́ gòkè dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Tíṣà fi tẹjú mọ́ ọn, bí ẹni pé ó lè tàn án.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Ṣé o ti ti ilé ìwé dé?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Sípánà ni mo wà. Ó ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe."

"Ó sọ fún ẹ?"

"Ó sọ fún mi. Àti ti àga."

"Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́," ọkùnrin náà wí. "Mo rí i pé o ń fura. O kàn máa ń wò mí ṣáá. Kí lo rò pé mò ń ṣe?"

Tíṣà gbójú sókè. Ìyá Sípánà wà nídìí bàsíà, ó ń fi ọṣẹ bó ọ́ìlì kúrò lápá.

"Mi ò ro nǹkan kan," Tíṣà wí jẹ́jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ló yé e bó ṣe rọrùn tó láti fi nǹkan pamọ́ fún ẹni téèyàn ò fẹ́ kó tún sunkún.